Áàpù Tí Mo Ṣe fún Àwọn Obìnrin Ilé

Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n bí mi sí, Ìjerò ni mo fẹ́ ọkọ sí, Aramoko ni mo ti ń ṣe tíṣà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn yóò mọ̀ pé ẹ̀yìn ọ̀kadà ni mo ti lo púpọ̀ nínú ayé mi. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, mo sì mọ̀ ọ́n kọ́. Mi ò sọ ọ́ láti fi yangàn o. Tàbí kí n má parọ́, mo sọ ọ́ láti fi yangàn díẹ̀, torí pé ìyangàn náà ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Nígbà ọlidé gígùn kan, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ nínú àwa tíṣà wá kọ́ bí a ṣe ń ṣe àwọn áàpù kéékèèké tó ń ṣiṣẹ́ nínú bráúsà. Kì í ṣe áàpù ńlá tí èèyàn máa ń gbà sórí fóònù. Ojú ìwé kan péré ni, èèyàn á tẹ líǹkì rẹ̀, bráúsà á ṣí i, bọ́tìnnì á wà níbẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, nǹkan á sì ṣẹlẹ̀. Mo ní ṣé ohun tí àwọn ọmọ kékeré ń ṣe nìyẹn, kí ló máa ṣòro níbẹ̀? Mo fi orúkọ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sọ mí di ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo bá kọ, ojú ìwé mi á funfun báláú. Olùkọ́ wa, ọkùnrin kan tó kéré sí mi dáadáa, á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ mi, á ní, "Mà, ẹ ò pa àkámọ́ yín dé." Mo pa á dé. Ó tún funfun. "Mà, ẹ ti pa á dé lẹ́ẹ̀mejì báyìí." Àwọn tíṣà tó wà lẹ́yìn mi ń rẹ́rìn-ín sínú, mo sì ń gbọ́ wọn. Èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni tí kò bá fọkàn sí iṣẹ́ rẹ̀ ni í ṣàṣìṣe! Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò bá wọn jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n nígbà tó yé mi, ó yé mi gan-an. Olùkọ́ wa ní ká máa wo kóòdù bí ìgbà tí èèyàn ń to àpótí. O lè fi orúkọ sínú àpótí kan, o lè fi ọjọ́ orí sínú òmíràn, o lè to àpótí púpọ̀ sórí ìlà kan ṣoṣo, kí o wá ní kí bráúsà tún ìlà náà tò bí o bá ṣe fẹ́. Ó ní ká kọ orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ wa sílẹ̀ àti ọjọ́ orí wọn, kí àgbà ṣíwájú, kí ọmọdé tẹ̀lé e. Mo kọ ọ́. Mo tẹ bọ́tìnnì mi. Àwọn orúkọ náà fò sókè sódò, kálukú sì bọ́ sí àyè rẹ̀. Mo pariwo. Mo tún un tẹ̀. Inú mi dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà fún.

Kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà tó parí, olùkọ́ wa ní kí kálukú lọ ṣe ohun tí yóò wúlò fún àwọn èèyàn rẹ̀ nílé. Àwọn kan fẹ́ ṣe ìdánwò fún kíláàsì wọn, ẹnìkan fẹ́ ṣe èyí tí yóò máa ka ẹsẹ Bíbélì. Èmi kò ronú jìnnà. Mo ní àwọn obìnrin ilé ni mo máa ṣe é fún.

Lẹ́yìn Kérésìmesì ni gbogbo ẹbí ọkọ mi máa ń péjọ sí agboolé ní Ìjerò. Wọ́n á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti dúpẹ́, wọ́n á padà wálé, wọ́n á pa ẹran, a ó gún iyán. Àwa tí wọ́n fẹ́ wọ inú ilé náà ni obìnrin ilé, a sì ní bí a ṣe ń tò. Kì í ṣe ọjọ́ orí ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé. Bí o bá ti hewú tán kí wọ́n tó gbé ọ wọlé, tí ọmọdébìnrin kan bá ti wọlé ṣáájú rẹ, ìyálé rẹ ni, wàá sì kúnlẹ̀ kí i. Ìyálé pátápátá ló máa ń kọ́kọ́ mú nínú ẹran àwọn obìnrin, òun kì í sì í ṣiṣẹ́, ìjókòó ni tirẹ̀. Bí ó bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni iṣẹ́ ń pọ̀ sí i. Àwọn tó gbẹ̀yìn ló ń pọnmi, àwọn ló ń fọ àwo. Òkè kì í ní wàhálà, ìsàlẹ̀ náà kì í ní. Àárín ni ìjà máa ń wà lọ́dọọdún: "Èmi ni mo ṣáájú rẹ!" "O ṣáájú mi kẹ̀? Ta ló pọnmi lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ?" Mo ní áàpù mi ni yóò parí ìjà yìí.

Màmá ni ìyálé wa. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ni, ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Òun ló bu omi tútù sí mi lẹ́sẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé, òun náà ló mú mi lọ́wọ́ wọ yàrá. Kò bímọ. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: nínú agboolé wa, bí obìnrin tí kò bímọ bá ń sọ̀rọ̀, ẹni tó bá fẹ́ lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ti Màmá kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ti ní ó tó, ó tó náà nìyẹn, torí pé ìyálé ni. Àwọn tó bímọ rẹpẹtẹ ń kúnlẹ̀ kí i. Ipò yẹn ni gbogbo ohun tó ní nínú ilé náà.

Ẹni tó wọlé gbẹ̀yìn ni Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ọmọ Ìkòrò ni, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, opó ni kó tó fẹ́ àbúrò bàbá ọkọ mi tí ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú. Ó dàgbà ju Màmá lọ lójú, ó sì ń fi ọ̀wọ̀ pè é ní ìyálé mi. Ó máa ń pe èmi náà bẹ́ẹ̀, ara mi á sì máa bù máṣọ, torí pé ó tó ìyá tó bí mi.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo kọ̀wé sí gúrúùpù ẹbí lórí fóònù pé kí gbogbo obìnrin ilé fi ọjọ́ ìbí wọn ránṣẹ́. Ọjọ́ ìbí! Ọmọ Èkìtì ni mí, ìyá mi jẹ́ obìnrin ilé, ìyá ìyá mi jẹ́ obìnrin ilé, mo ti kúnlẹ̀ kí ẹni tí mo jù lọ ní agboolé yìí kan náà. Kò sí ẹni tó nílò láti sọ fún mi pé a kì í fi ọjọ́ orí to obìnrin ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ti kóòdù, bíi pé wọ́n yọ ilé kúrò lórí mi. Àpẹẹrẹ tí olùkọ́ wa fún wa ló wà níwájú mi, àgbà ṣíwájú, ọmọdé tẹ̀lé e, ó sì ti ṣiṣẹ́. Mo kó o bó ṣe wà. Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi kò wo ilé kankan. Bọ́tìnnì ni mò ń wò, bóyá kí n kùn ún ní àwọ̀ ewé tàbí kí n kùn ún ní pupa.

Mo tún fi iṣẹ́ sí i. Mo sọ fún bráúsà pé bí orúkọ bá wà lókè, kó kọ "Ìjókòó" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bó bá wà láàárín, kó kọ "Ìdáná", bó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, kó kọ "Fífọ àwo". Inú mi dùn sí apá yìí jù.

Gbogbo wọn ló fi ọjọ́ ìbí ránṣẹ́ àyàfi Màmá. Kò sí ẹni tó kọ ọdún tí wọ́n bí i sílẹ̀, òun náà kò sì mọ̀ ọ́n. Mo fi ọjọ́ ìbí àwọn yòókù ṣírò ọjọ́ orí wọn, mo sì fi àyè ti Màmá sílẹ̀ lófìfo. Mo ní mo máa fojú bù ú tó bá yá. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mo fi dán áàpù náà wò, ó sì ń ṣiṣẹ́ geere. Ti àwọn obìnrin ilé, àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé gan-an ni mo tẹ̀ ẹ́ wọlé, mo sì ju líǹkì sínú gúrúùpù bí a ṣe ń wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ẹyin lohùn. Líǹkì náà, ẹyin ni.

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Abẹ́ àtíbàbà nínú agboolé ni gbogbo wa wà, àwọn ọmọ ń sáré kiri, ẹran wà nínú agbada. Àǹtí ọkọ mi kan, ọmọ ilé tí ohùn rẹ̀ ń dé òpópónà, yọ fóònù rẹ̀. Ó ní, "Ọdún yìí, a ò jà mọ́ o! Ìyàwó wa ti bá wa ṣe áàpù. Ẹ yìn ín." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo dìde, mo tẹrí ba díẹ̀ bí àwọn olùbánisọ̀rọ̀ ṣe ń ṣe. Bí mo bá rántí ìtẹríba yẹn, ó ń ṣe mí bíi kí n wọlẹ̀.

Ó tẹ bọ́tìnnì. Ó kà á: "Ẹni àkọ́kọ́, Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ìjókòó."

Ìyá Nọ́ọ̀sì ní, "Urú kí lèyí? Èmi kẹ̀? Ulé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀?" Àǹtí rò pé àwàdà ni. Ó ń kà á lọ, orúkọ tẹ̀lé orúkọ, àwọn àárín sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ibẹ̀ ni ó ti yẹ kí n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò gbà á. Ó dé ìsàlẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti relẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wọ ibi tí kò ti lè yà mọ́. Ó ní, "Ẹni ìkẹyìn, Màmá. Fífọ àwo."

Bráúsà kì í sọ pé òun kò mọ̀. Àyè ọjọ́ orí tí mo fi sílẹ̀ lófìfo, òdo ló kà á sí. Lójú rẹ̀, wọn kò tíì bí Màmá.

Ọ̀dọ́ kan bú sẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ sì gbá a létí. Màmá kò yí ojú padà. Ó bi Àǹtí pé, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Áàpù ni, Màmá. Ẹ má dá a lóhùn."

"Ta ló ni í?"

Gbogbo wọn wò mí. Mo kúnlẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Màmá, ẹ̀rọ ló ṣe é, kì í ṣe èmi."

Màmá wò mí. "Ó dáa," ó ní. "Ẹ̀rọ kì í ṣègbè."

Ó tú gèlè rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé orí àga tí ó ti ń jókòó sí láti ìgbà tí mo ti mọ ilé náà. Ó ká ìró rẹ̀ sókè. Ó rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n to àwo oúnjẹ àárọ̀ tó dọ̀tí sí, ó jókòó sórí àpótí kékeré, ó fa bàsíà omi ọṣẹ mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀. Àwọn ìyàwó kékeré sáré tẹ̀lé e, wọ́n ń fa kànìnkànìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Uṣẹ́ mi ni. Wọ́n pín in fún mi lójú ayé." Àwọn ọmọ ilé wá kúnlẹ̀. Àwọn ọkùnrin wá dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ omi àwo. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń fọ̀ ni, ó ń fi omi ṣàn án, ó ń dà á dé. Nígbà tí Ìyá Nọ́ọ̀sì rí i pé kò ní dìde, ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jókòó, ó sì ń bá a nu àwọn àwo náà. Àgbàlagbà méjì, obìnrin méjì tí ara ń ro, wọ́n ń fọ àwo tí àwa fi jẹun.

Ẹ ó bi mí pé níbo ni èmi wà. Abẹ́ àtíbàbà ni mo wà. Mo ti ṣí kóòdù mi lórí fóònù, mò ń wá ìlà tó bàjẹ́. Lóòótọ́ ni. Nígbà tí gbogbo ilé wà lórí ìkúnlẹ̀, èmi ń fi àtàǹpàkò yí ojú fóònù lọ sókè sódò, mò ń sọ nínú ara mi pé bí mo bá lè rí i báyìí, tí mo bá lè tún un ṣe kíá, tí mo bá lè tún un tẹ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, wọ́n ní, ṣùgbọ́n ẹ̀sín kò pa mí, ó kàn fi mí sílẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n pín ẹran, Màmá ní kí gbogbo wọn mú tán kí òun tó mú. Láti ọjọ́ náà ni kò ti dá sí ọ̀rọ̀ mọ́. Bí àwọn obìnrin bá mú ìjà wá bá a, á ní kí wọ́n lọ bi ẹ̀rọ. Ó ní bí ìyàwó tuntun bá tún fẹ́ wọlé, kí ẹlòmíràn lọ bu omi sí i lẹ́sẹ̀. Àga rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò jókòó sí i. Ilé kan tó ti ní ẹni tí ń sọ pé ó tó, kò ní in mọ́.

Ọkọ mi kò bá mi jà. Bó bá jẹun tán, á dìde lọ fọ àwo rẹ̀ fúnra rẹ̀, mo sì rò pé ìjà ìbá sàn jù. Nígbà tí ilé ìwé wọlé, mo gbé kóòdù náà lọ bá olùkọ́ tó kọ́ wa. Ó yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Mà, kò sí àṣìṣe níbẹ̀ o. Ohun tí ẹ bi í ló dá yín lóhùn." Ó rò pé òun ń tù mí nínú.

Mo tún un kọ. Mo yọ ọjọ́ orí dànù pátápátá. Mo ń lọ láti ilé dé ilé ní ọjọ́ Sátidé, láti Ìjerò dé Ìkòrò, mò ń bi àwọn obìnrin ilé lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Ta lẹ bá nílé? Ta ló bá yín nílé?" Kò sí ẹni tó nílò ọdún. Ẹni tó pọn omi ìgbéyàwó fún ẹlòmíràn kì í gbàgbé. Nígbà tí mo parí rẹ̀, kálukú ti wà ní àyè rẹ̀, Màmá lókè, Ìyá Nọ́ọ̀sì nísàlẹ̀, àwọn àárín náà gbà fún ara wọn.

A kì í dá lọ bẹ̀bẹ̀, nítorí náà Ìyá Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé mi. A bá Màmá ní iwájú ilé rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ. A kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Mo ní, "Ẹ dárí jì mí, Màmá. Ẹ̀rọ kọ́ o. Èmi ni." Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí n sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ó ní ká dìde. Ìyá Nọ́ọ̀sì kọ̀, ó ní àfi bó bá gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Eékún rẹ kò ní jẹ́ kí o sùn lónìí." Ó wá yíjú sí mi. "Ùyàwó, mú un wá. Ka ti tuntun fún mi."

Mo ṣí fóònù. Mo tẹ bọ́tìnnì. Mo ka orúkọ tirẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, mo rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe sọ̀ kalẹ̀. Mo kà á lọ, ó ń mi orí sí orúkọ kọ̀ọ̀kan: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn ló tẹ̀lé e. Mo kà á dé ọ̀dọ̀ Ìyá Nọ́ọ̀sì, mo sì dákẹ́. Ọkàn mi fúyẹ́. Mo ń retí kí ó súre fún mi.

Ó ní, "Ó tán?"

"Ó tán, Màmá."

Ó gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀. "Èmi ni mo bu omi sí ọ lẹ́sẹ̀ wọ ulé yìí. Ùwọ dà?"

Mo wo fóònù. Mo wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Kò sí nínú ti tuntun, kò sì sí nínú ti tẹ́lẹ̀. Gbogbo obìnrin ilé ni mo pín iṣẹ́ fún, ìdáná, omi pípọn, àwo fífọ̀, ó sì jẹ́ pé nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi kọ ọ́ àti èyí tí mo fi tún un kọ, kò wá sí mi lọ́kàn rárá láti fún ara mi ní ọ̀kan.

Màmá ní, "Èmi, ẹ̀rọ ló gbàgbé mi. Ùwọ, ta ló gbàgbé rẹ?"

Mo ní, "Mo gbàgbé ni, Màmá."

Ó ní kò burú, kí n kọ ọ́ síbẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ lójú rẹ̀. Ó súre fún mi, ó bu ẹ̀wà fún àwa méjèèjì, a sì jọ padà sílé. Ṣùgbọ́n irọ́ ni mo pa fún un. Mi ò gbàgbé. Mi ò ka ara mi mọ́ wọn ni.